Ọgọ́sàn-án Lórí Ìwé

Ọgọ́sàn-án ni ẹ̀rọ pè mí ní Kábbà.
Nọ́ọ̀sì Ìbílọlá tú aṣọ dúdú kúrò lápá mi,
ó tún un wé, ó tún fẹ́ ẹ,
ọgọ́sàn-án náà ni.
"Bàbá Àjíbóyè, kí lẹ ń jẹ?"
Mo ní, ohun tí ọ̀nà bá fún mi ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kó sìmẹ́ńtì láti Ọ̀bájànà.
Ọ̀nà fún mi ní búrẹ́dì, ó fún mi ní ṣúgà nínú ìgò,
ó fún mi ní núdù lẹ́bàá táyà, lóru,
magí mẹ́ta nínú omi ìkòkò kan,
títí ahọ́n mi fi ń pe iyọ̀ ní adùn.
Ẹsẹ̀ mi wú, mo ní bàtà ló fún.
Orí ń fọ́ mi, mo ní oòrùn ni.

Ó kọ oògùn fún mi, ó kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kékeré kan,
ó ní, "Ẹ máa lọ sílé."
Mo bi í pé ilé wo.
Kò rẹ́rìn-ín.

Ilé náà ni Ògìdì, lábẹ́ àpáta,
níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Ọlọ́runtọ́sìn, ń gbé
pẹ̀lú adìẹ mẹ́fà àti igi kọfí tí ẹnikẹ́ni ò ká mọ́.
"Ọ̀kun o," ó kí mi. Kò wo ojú mi, ẹsẹ̀ ló wò.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Ihò náà dúró síbẹ̀, kò kún.
Ó ní, "Ìwọ náà ti di ẹ̀kọ tútù."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti gbé agbọ̀n lé mi lọ́wọ́.
Èmi awakọ̀, mò ń já ewé!
Ó ní n má ṣe fa wọ̀rọ̀wọ́ bí ẹni ń fa okùn ẹrù;
wọ́ọ́rọ́wọ́ ló gun igi kòkó,
wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ká gbà á lọ́wọ́ igi,
bóyá ẹ̀jẹ̀ mi á kọ́ ìrìn lára rẹ̀.
Ó ní n tètè dé ìdí tẹ̀tẹ̀ kí ewúrẹ́ tó ṣáájú mi.
Ewúro nìkan ni kò ní kí n ṣe jẹ́jẹ́ fún:
"Bó ṣe korò tó nìyẹn, òun kì í purọ́."

Òtilí ni oúnjẹ ọ̀sán.
Láti ìdájí ló ti wà lórí iná, torí òtilí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kíákíá;
ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ jẹ òkúta.
Irú ló fi sí i, irú tí òun fúnra rẹ̀ sè,
tí òórùn rẹ̀ ti kí aládùúgbò kí n tó jókòó.
Mo tọ́ ọ wò.
Mo ní, "Màmá, iyọ̀ dà?"
Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Ahọ́n rẹ ni kò sí nílé."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ahọ́n mi fi rìn kó tó dé.
Lọ́jọ́ tó dé, ìbẹ́pẹ lásán ni mò ń jẹ lórí àpáta,
mo dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lókèèrè.

Ẹ má rò pé ewé ni mò ń polówó o.
Ọkọ Ìyá Ọlọ́runtọ́sìn jẹ ewúro títí, ó sá fún oògùn,
ó ṣubú sáàárín poro lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ebè.
Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń ṣa òkúta nínú ọkà bàbà,
kò gbé ojú sókè:
"Ewé ò bá oògùn jà. Lo tìrẹ."
Nítorí náà, láàárọ̀, hóró funfun kan, omi ife kan,
lẹ́yìn náà ògì bàbà pupa, láìsí ṣúgà,
lẹ́yìn náà mo rìn dé odò, mo rìn padà.

Lánàá mo tún lọ sí Kábbà.
Nọ́ọ̀sì wé aṣọ dúdú, ó fẹ́ ẹ, ó tú u, ó dákẹ́.
Ogóje ó lé méjì.
Ó ní ó ṣì ku díẹ̀.
Mo ní mo mọ̀.
Mo gbé ọ̀rá kan lé orí tábìlì rẹ̀:
òtilí kóńgò kan, irú tí a fi ewé wé.
Ó gbé irú náà sí imú, ó pa ojú dé.
Nígbà tó là á, ó rí ibi tí mò ń wò,
ó sì rọra ti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń mu
sẹ́yìn fáìlì.